Orí Ọmọ Kì Í Ṣe Ife

Ilé Àlùfáà Hàmídù,
Òkè-Sopẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 1959.

Mùbàṣírù ọmọ mi,

Àsàlámù aléékún. Ṣé dáadáa lo wà? Abibat ìyàwó rẹ ńkọ́? Òtútù Lọ́ńdọ̀nù yẹn ńkọ́, ṣé kò tíì gé yín létí jẹ? Àwa wà láàyè. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, obì ń jẹrà lórí igi, ṣùgbọ́n a kò sunkún ọmọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ dé. Ọmọ náà sanra, ó dára, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún bíi Dí-Ó, òyìnbó aláṣẹ ìjọba. Ìyá rẹ gbé àwòrán náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e sí oòrùn, ó gbé e súnmọ́ imú, ó tún nà án jìnnà. O mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti èṣí. Ó ní òun rí fìlà. Mo ní kì í ṣe fìlà, àkẹtẹ̀ ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ohun tí òun rí.

Ìwé kan wà lẹ́yìn àwòrán náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbé e fún Tíṣà Adémúyìwá tó ń gbé ọ̀kánkán wa, ó kà á, ó ní, "Láti ọwọ́ Sarah sí bàbá àgbà." Ta ni Sarah? Nígbà tí Abibat bímọ, ìyá rẹ ló sọ ọmọ lórúkọ, ó ní kó máa jẹ́ Ìbíkẹ́, orúkọ ìyá tirẹ̀ ní Mákùn-Omi. A pa àgbò níbí, a pe àwọn àlùfáà, gbogbo ilé jẹ, gbogbo ilé ṣàmín. Sarah kọ́ la ṣàmín sí.

Pé ẹ gbé ọmọ fún obìnrin òyìnbó kan létí òkun kó máa bá yín tọ́ ọ nítorí ẹ̀kọ́ yín, èmi ò bá yín jà sí ìyẹn. Ìwọ náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Ágọ̀-Ìwòyè lo ti dàgbà, kò pa ọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èdè tí ẹ ń bá a sọ. Ìyá rẹ ní bí ojú òun bá ń lọ, etí òun wà níbẹ̀ digbí. Ó ní ohùn lòun máa fi mọ ọmọ òun. Dá mi lóhùn kíákíá, má jẹ́ kí n máa wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó ran ọmọdé níṣẹ́.

Fi awò ojú ránṣẹ́ sí ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hàmídù.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, 1959.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú iṣẹ́ ilé-kéú, ẹ kú àmójútó ilé. Mo kí Yèyé, Abibat náà kúnlẹ̀ kí yín. Ara wa le, ìwé ni kò jẹ́ kí á rímú mí.

Ẹ má bínú sí orúkọ yẹn. Ìyáàfin Harmer, obìnrin tó ń bá wa tọ́jú ọmọ, kò lè pe Ìbíkẹ́. Ó gbìyànjú títí, ńṣe ló ń dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wúkọ́. Ló bá ní kí òun máa pè é ní Sarah, orúkọ ìyá òun tó ti kú. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, Bàbá. Ọmọ náà gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti èdè, nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dàrú. Á mú èdè wa díẹ̀, á mú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, á lù wọ́n pọ̀. Ó ń sunkún omi lọ́jọ́ kan, "Omi! Omi!" ni ó ń pariwo, Ìyáàfin Harmer rò pé orúkọ ènìyàn kan ló ń pè, ó ń wo ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà á. Ó ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó gbọ́n nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé. Obìnrin náà gbé ife tíì kan ka orí tábìlì níwájú wa. Ó ní, "Orí ọmọ dà bí ife yìí. Bí ẹ bá da tíì sí i tó kún, tí ẹ tún wá ń da omi ọsàn lé e, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Yóò ṣàn sílẹ̀. Èyí tó bá sì kù kò ní ṣe é mu."

Bàbá, mo wo ife náà títí. Ọ̀rọ̀ náà yé mi bí ìgbà tí wọ́n tan iná sí i. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá lọ kí ọmọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Gẹ̀ẹ́sì nìkan là ń bá a sọ. Abibat sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀ láìgbọ́ tẹnu yín.

Awò ojú Yèyé wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gàrí àti ata gbígbẹ rán an. Ẹnu mi ti di ẹnu aláìsàn níbí.

Ọmọ yín,
Mùbàṣírù.


Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ogúnjọ́, oṣù kejìlá, 1959.

Mùbàṣírù,

Mo gba lẹ́tà rẹ, inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jágbe mọ́ àlejò tó wá kí mi jẹ́ẹ́jẹ́. Ife! Orí ọmọ mi ni wọ́n ń pè ní ife! Bí orí bá jẹ́ ife, ta ló mu tìrẹ gbẹ? Mo ti mú kálàmù láti bú ọ tẹ́rùn.

Ṣùgbọ́n kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, àwọn ọmọ kéú dé. Mo jókòó tì wọ́n, wọ́n ń fọ wàláà wọn. Mo ń wò wọ́n, ọkàn mi bá lọ síbì kan. Ṣebí bí ọmọ bá ti há èyí tó wà lójú wàláà sórí, a máa ń fọ̀ ọ́ kúrò kí a tó kọ òmíràn ni? A kì í kọ ìwé lé ìwé lórí. Omi tí a sì fi fọ̀ ọ́, a kì í dà á nù, a máa ń mu ún ni. Ìwọ náà mu ún, o fajú ro nítorí pé tàdáà tí a fi kọ ọ́ korò. Ohun tó kúrò lójú wàláà, inú ọmọ ló lọ, ibẹ̀ ló ń gbé títí ayé. Mo ní háà, Hàmídù, ohun tí obìnrin yẹn ń sọ kò burú tó bẹ́ẹ̀, àfiwé ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Nítorí náà, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ìjẹ̀bú tí ọmọ náà ti gbọ́ lẹ́nu yín láti ìgbà tí ẹ ti bí i ti wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá tẹ ilẹ̀ yìí, yóò jáde. Mo fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ kò gbà o. Ó ní kí n kọ tòun síbí bí òun ṣe sọ ọ́, ó sì jókòó tì mí kí n má baà yí i. Ó ní èdè kì í ṣe ife, kì í sì í ṣe wàláà, ọ̀nà omi ni. Ó ní ní Mákùn-Omi, ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà lójoojúmọ́ a máa mọ́ rekete. Bí ọkọ̀ kò bá gba ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ojúoró á bò ó, koríko á so pọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ gan-an á tukọ̀ kọjá lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀ rí. Ó ní bó bá ti dí, ó dí nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Asimawu, láti ìgbà tí mo ti mú ọ kúrò létí omi, ọkọ̀ lo ṣì ń wà." Ó ní kí n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Awò ojú náà dé. Ó gbé e sójú, ó ní òun ti ń rí ògiri báyìí, ṣùgbọ́n òun kò bí ògiri lọ́mọ.

Gàrí ń bọ̀. Má fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ o.

Bàbá rẹ,
Hàmídù.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1960.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣé, ẹ kú àdúrà. Ọ̀rọ̀ wàláà yẹn fọkàn mi balẹ̀. Mo kà á fún Abibat lẹ́ẹ̀mejì, òun náà mí kanlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú àlàyé yẹn níbí.

Ọmọ náà ń ṣe dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara ju tèmi tí mò ń fi kàwé lọ, bí mo bá ṣì í sọ, á tún un ṣe fún mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, ahọ́n mi yọ̀, mo ní, "Ìbíkẹ́, wá." Kò yíjú. Ó ń fi yanrìn ṣeré. Mo tún un pè. Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bi mí pé ta ni mò ń pè. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò bá ẹ̀rín náà lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí à ń bá bọ̀, Abibat kọjú sí fèrèsé. Mo ṣáà ń rántí pé ohun tí a fọ̀ kò nù.

Ẹ sọ fún Yèyé pé mo gbọ́ tirẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni à ń gbé níbí, kì í ṣe orí omi.

Ọmọ yín,
Mùbàṣírù.


Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní, 1961.

Mùbàṣírù,

Ṣé o ṣì wà láyé? Òmìnira dé, wọ́n jó, wọ́n yọ̀, wọ́n fún àwọn ọmọ iléèwé ní àsíá àti ife, o kò kọ̀wé. Nimotalahi, ọmọ àbúrò rẹ, gbé ife tirẹ̀ wá fi hàn mí, mo wò ó, mo rántí ọ, mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi. Ọdún tún yí, o kò kọ̀wé. Ẹni tó ń kàwé ni kò wá mọ̀wé í kọ mọ́!

Ojú ìyá rẹ ti fọ́ pátápátá. Ògiri tó ń rí, kò rí i mọ́. Láràárọ̀, bí mo bá kírun àsùbáà tán, mo máa ń gbọ́ ọ lórí ẹní rẹ̀, á máa ki ọmọ rẹ: "Ìbíkẹ́, ọmọ ẹlẹ́ja. Ọmọ a-tọ̀nà-omi-relé. Ìbíkẹ́, a-bí-kẹ́, a-bí-gẹ̀, ǹjẹ́ o jí?" Á wá dákẹ́ díẹ̀, bíi pé ó ń dúró de ẹnìkan, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní òun ń pa á mọ́ lẹ́nu ni, kó má di ọjọ́ tí ọmọ bá dé kí òun máa wá a kiri. O mọ bó ṣe rí nílé wa. Bí a bá ki ọmọ láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Hìn-ín, Yèyé," ìgbà yẹn ni ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní ìdáhùn yẹn nìkan ló kù tí òun ń wá láyé.

Mú ọmọ náà wálé. Bí o kò bá lè wá, fi í ránṣẹ́. Kó tó pẹ́ jù ni o, mo bẹ̀ ọ́, èmi bàbá rẹ. O mọ̀ pé n kì í bẹ̀bẹ̀.

Hàmídù.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin, 1961.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo jẹ̀bi, ẹ dárí jì mí. Ìdánwò ni, àti ìtìjú. Gbogbo ìgbà tí mo bá mú bébà ni mo máa ń rí Yèyé tó ń dúró de ìdáhùn.

Mo ti ṣètò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà, ọmọ Òrù, ọmọ ìjọ Aládùúrà, Zipporah lorúkọ rẹ̀, òun àti Abibat ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Ó ń padà sílé. Yóò mú ọmọ dání nínú ọkọ̀ ojú omi, yóò sì fà á lé yín lọ́wọ́. Èmi àti Abibat yóò tẹ̀lé wọn bí a bá ti ṣe ìdánwò wa tán.

Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí a lọ mú un, ó dì mọ́ Ìyáàfin Harmer lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì ń sunkún, àwa tí a bí i wá dúró bí ẹni tó wá gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá. Nínú yàrá wa, mo gbìyànjú láti kọ́ ọ ní "ẹ kú àárọ̀." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ó ní òun kò fẹ́ ohùn yẹn. Abibat wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mi ò tún fagbára mú un mọ́.

Ẹ ti ní bó bá tẹ ilẹ̀ yẹn, yóò jáde. Ọ̀rọ̀ yín ni mo rọ̀ mọ́. Kò sí òmíràn tí mo lè rọ̀ mọ́.

Ọmọ yín,
Mùbàṣírù.


Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kẹta, oṣù keje, 1961.

Mùbàṣírù,

Ọmọ dé ní àlàáfíà. Zipporah ṣe bẹbẹ, Ọlọ́run á fún òun náà lọ́mọ. Láti Èkó ló ti mú un wá, ó wọ bàtà funfun, ó ń sá fún ewúrẹ́. Gbogbo agbo ilé jáde. A pè é ní Ìbíkẹ́ títí, kò wẹ̀yìn. Zipporah ní Sarah nìkan ló mọ̀. Kí a má baà dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ, àwa náà ń pè é ní Sarah. Ahọ́n mi ti mọ̀ ọ́n.

Jẹ́ kí n sọ ìyókù fún ọ bó ṣe rí, mi ò ní yí i.

Ìyá rẹ ti wẹ̀ láti àárọ̀. Ó wọ bùbá funfun, ó jókòó sórí ẹní, ó na ọwọ́ méjèèjì. A mú ọmọ dé iwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó kì í dé ibi tó máa ń dúró sí, ó dúró. Gbogbo wa dúró. Adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé là ń gbọ́. Ó tún un kì. Zipporah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọmọ náà létí, ọmọ náà wá fi ohùn kékeré sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kí i ni o, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá rẹ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ní, "Ọmọ òyìnbó wo lẹ mú wá bá mi? Ìbíkẹ́ ńkọ́?"

Mo ní òun nìyí. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé ọmọ náà lórí, mo jẹ́ kó fọwọ́ kan irun, kó fọwọ́ kan imú. Ó ní gbogbo ọmọ ló ní orí. Ó ní bó bá jẹ́ Ìbíkẹ́ ni, yóò dáhùn. Ó ní ẹ ti sọ ọmọ òun nù sí ìlú òyìnbó, ẹ wá mú ọmọ ọlọ́mọ fi tan òun, nítorí pé òun kò ríran.

Má rò pé ó ń ni ọmọ náà lára. Rárá o! Ó ní ọmọ àlejò kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ́n nílé òun. Bí a bá se ẹja, á ní kí a fún ọmọ àlejò ní èyí tó tóbi, kí a sì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ de Ìbíkẹ́. Nírọ̀lẹ́, á bèèrè bóyá mọ́tò Èkó ti dé. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì á jókòó bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó gbọ́ èkejì.

Lọ́jọ́ kan péré ló jọ pé ó fẹ́ gbà. Mo ní, "Asimawu, máa bá a sọ̀rọ̀, ìwọ ṣáà máa bá a sọ ọ́." Ó fọwọ́ pa ọmọ náà lẹ́yìn. Ó ní, "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni, ọ̀nà ti dí. A kì í tukọ̀ lórí koríko."

Èmi kò tíì sọ̀rètí nù. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá kọ́ ọ. Ohun tí ọmọ ti mu, a kì í ti igi bọ̀ ọ́ lọ́fun fi wá a. Yóò jáde fúnra rẹ̀. Mò ń dúró.

Bàbá rẹ,
Hàmídù.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ, 1961.

Bàbá mi,

Ẹ má dúró mọ́! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dúró mọ́.

Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó fẹ́ jáde. Àwa la fi í sílẹ̀ lófo. Ìdílé kan láti erékùṣù Kípírù kó wá sí òkè yàrá wa. Ọmọ wọn kékeré ń bá ìyá rẹ̀ jà ní èdè wọn lórí àtẹ̀gùn lánàá, ó yíjú, ó rí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ bisikíìtì lọ́wọ́ mi, ó gbà á, ó padà sídìí ìjà rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣàn sílẹ̀. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn náà, bisikíìtì lọ́wọ́, bí aláìlórí. Ọlọ́run mi! Ife lásán ni wọ́n gbé síwájú mi, mo sì fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́.

Bàbá, ẹ pè é jókòó. Kí Tíṣà Adémúyìwá bá yín sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún un pé Ìbíkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Àwa kò sọ fún un rí. A rò pé ó lè dúró. Kí ẹ wá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan péré: "Hìn-ín, Yèyé." Kó kúnlẹ̀, kó sọ ọ́. Ọmọdé á kọ́ ìyẹn láàárín ìgbà tí iná á fi ràn. Bí Yèyé bá gbọ́ ìyẹn nìkan, ó tó. Èyí tó kù, a ó máa kọ́ ọ lẹ́yìn náà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ka lẹ́tà yìí tán, ẹ dìde, ẹ ṣe é.

Mùbàṣírù.


Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, 1961.

Mùbàṣírù ọmọ mi,

Ìnnọ̀ lílláhi. Ìyá rẹ ti lọ.

Lẹ́tà rẹ dé lẹ́yìn tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Mo kà á lórí ìdúró. Nígbà tí mo kà á dé "ẹ dìde, ẹ ṣe é," mo jókòó.

Ibà ló mú un, kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn àbúrò rẹ wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, níbi tó máa ń jókòó sí, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ìbíkẹ́. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fo ẹyọ kan. Ó kì í dé ibi tó máa ń dúró sí, ó dákẹ́. A rò pé ó ń dúró ni. A dúró pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mo bo ojú rẹ̀, ọmọ rẹ ṣì ń fẹ́ ẹ.

A sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èrò pọ̀, ará Mákùn-Omi wá.

O ò ní gbọ́ ìbáwí lẹ́nu mi. Ta ni n óò bá wí? Ìwọ ní ife, èmi ní wàláà, òun ní ọ̀nà omi. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì ń gbádùn wọn. Nítorí ife, ẹ pa ẹnu mọ́ fún ọmọ. Nítorí wàláà, èmi káwọ́ lẹ́rán, mò ń dúró kí ohun tí kò sí níbẹ̀ jáde. Nítorí ọ̀nà omi, òun alára gbà pé ó ti dí. Ọmọ náà jókòó sáàárín wa, etí rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀, kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. N kò ní fi èdè wé ohunkóhun mọ́ títí tí n óò fi bá ìyá rẹ lọ́run.

Mo ti ní kí àwọn ọmọ ilé máa bá a sọ ọ́ báyìí. Ó ti bọ́ sórí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣe é.

Bàbá rẹ,
Hàmídù.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, 1961.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú àfẹ́kù ẹnìkejì yín. Abibat ló ka lẹ́tà náà parí, nítorí èmi kò lè kà á.

Mo wọ kíláàsì, mo jókòó, wọ́n pe orúkọ mi, n kò gbọ́. Àwọn èèyàn ní kí n máa pọkàn pọ̀. Láràárọ̀ mo ń jí, mo ń sọ ọ́ fúnra mi nínú òtútù yìí, "Hìn-ín, Yèyé," èmi tí kì í ṣe èmi ló ń pè.

Oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀ ni a ó wálé, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ bá mi tọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi tọ́jú ara yín.

Mùbàṣírù.


Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, 1962.

Mùbàṣírù,

Ṣé ara ti ń le díẹ̀? Àgbálùmọ̀ ti kún ọjà, ẹ̀fọn ti ń pọ̀, orúnkún mi ń dùn mí. Àwọn nǹkan tó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ṣì rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ rẹ ti ń sọ Ìjẹ̀bú. Kì í ṣe pé ó ń ta á lẹ́nu o, ó ń sọ ọ́ débi pé mo ní láti máa bá a wí. Nimotalahi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Wọ́n ń sá kiri, wọ́n ń jà lórí àgbálùmọ̀, wọ́n bú u, ó bú wọn padà. Bó bá sì dé iléèwé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dúró dè é, Tíṣà Adémúyìwá ní kò dín. Ìwọ̀nba oṣù wọ̀nyẹn ló gbà á! Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni n óò bá rántí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, èmi pẹ̀lú rẹ̀ lọ fa koríko lórí sàréè ìyá rẹ. Ó fà á dáadáa, kò ṣàárẹ̀. Ó wá dáwọ́ dúró, ó fi Ìjẹ̀bú bi mí, ní irú ohùn tí ìyá rẹ fi ń bi mí nípa mọ́tò Èkó:

"Bàbá, ọmọ tí Yèyé máa ń pè láràárọ̀ nígbà yẹn, Ìbíkẹ́, ṣé ó padà dé?"

Mo ní kí ló dé tó fi ń bèèrè. Ó ní òun kò gbọ́ ohun tí Yèyé ń sọ nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ti wá mọ̀ báyìí pé ẹnìkan ló ń pè. Ó ní wọ́n máa ń bo ẹja mọ́lẹ̀ de ọmọ náà, ọmọ náà kì í wá jẹ ẹ́. Ó ní àánú Yèyé máa ń ṣe òun, nítorí náà lòun ṣe ń fẹ́ ẹ.

Mùbàṣírù, mo lè parọ́. Mo rò ó wò. Ṣùgbọ́n irọ́ mélòó la ó pa fún ọmọ yìí? Mo ní, "Ìwọ ni Ìbíkẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń bá òun ṣeré. Nígbà tó rí ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo sàréè náà títí. Koríko ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ò sì sọ fún mi. Ṣebí mo wà níbẹ̀. Ǹ bá ti dá a lóhùn."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bi mí pé kí ló dé tí a kò fi sọ fún òun, ó ń bi mí lórí oúnjẹ, ó ń bi mí lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá dé ní oṣù kẹfà, ìwọ ni kó o dá a lóhùn. Èmi ti wá èsì títí, n kò rí.

Bàbá rẹ,
Hàmídù.